Fóònù, rédíò àti ìwé ìtàn Yorùbá: báwo lẹ ṣe ń mú kí àwọn ọmọ girama máa kà á?

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Lítíréṣọ̀ Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 àti SS2 ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan níbí ní Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò ní ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ yín. Àwọn ọmọ tó wà nínú kíláàsì mi kan lé ní àádọ́rin. Ẹ̀dà ìwé ìtàn tí gbogbo wọn ní, bí mo bá kó o jọ sórí tábìlì, kò tó mẹ́wàá. Àwọn tó sì ní in kì í ṣí i, àfi bí ìdánwò bá ti dé tán. Wọ́n á lọ wá àkékúrú ìtàn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á há orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn sórí, wọ́n ti parí iṣẹ́ nìyẹn. Bí mo bá wá béèrè pé kí ló dé tí ẹni báyìí fi hu irú ìwà tó hù, gbogbo kíláàsì á pa lọ́lọ́.

Ní táàmù yìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà sínú fóònù mi. Alẹ́ ni mo máa ń ṣe é, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará àdúgbò bá ti sinmi. N kì í kà ju ojú ìwé mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá di ọjọ́ Ẹtì, n óò fi ohùn náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp tí èmi àti àwọn òbí jọ wà, n óò sì ti dá a dúró níbi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná gan-an. Lọ́jọ́ Ajé, kí n tó gbé báàgì mi kalẹ̀, àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀: "Kò ní í kú!" "Á kú!" Ìgbà náà ni n óò fi sípíkà tún ohùn náà tàn fún wọn, n óò sì wá mú ìwé jáde, tí a óò jọ ka ibi tó kù, ọmọ kan lẹ́yìn òmíràn, ká lè mọ ẹni tó jàre.

Mi ò rò pé àrà tuntun ni mò ń dá. Ìtàn ìgbésí ayé Sẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas kọ, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè wa, inú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ló ti ń jáde ní lẹ́tà-lẹ́tà ní 1929 sí 1930 kó tó di ìwé. Àwọn ará Èkó ń retí lẹ́tà tó kàn, àwọn mìíràn sì ń kọ̀wé sí olóòtú nítorí rẹ̀. Ká dá ìtàn dúró kí ara òǹkàwé má lè balẹ̀ títí dìgbà tó bá rí èyí tó kù, ọ̀nà tí ìwé ìtàn Yorùbá gbà wá sáyé nìyẹn. Fóònù kàn jẹ́ kó rọrùn láti tún un ṣe ni.

Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀yin ń ṣe, pàápàá ẹ̀yin tí iná kò sí lọ́dọ̀ yín, àti ẹ̀yin tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yín kò fẹ́ rí fóònù sójú.

Olùkọ́ Òkè-Ògùn

Ẹ kú làákàyè o, Tíṣà. Abúlé kan lẹ́bàá Ṣakí ni mo wà. Bí mo bá ní kí n fi nǹkan sórí WhatsApp, àwọn òbí tó máa rí i kò ju ìka ọwọ́ kan lọ. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni àwọn yòókù ń lò. Iná ìjọba ní tiẹ̀, a kì í kà á mọ́ ohun tí a ní.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé tí ẹ kò ní bá a: rédíò kékeré tó ń lo mẹ́mọ́rì káàdì. Òun ni àwọn àgbẹ̀ máa ń so kọ́ ẹ̀ka igi lóko, tí wọ́n fi ń gbọ́ wáàsí, ewì àti orin. Bátìrì rẹ̀ máa ń pẹ́, àwọn mìíràn tiẹ̀ wà tí oòrùn ń gba agbára sí lára. Mo ka orí kan sínú fóònù mi, mo ní kí ẹni tó ń ta orin lọ́jà dà á sínú káàdì bíi mélòó kan, mo sì pín in fún àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí ilé wọn ṣe súnmọ́ra. Kò pẹ́ tí àwọn bàbá wọn fi ń dá mi dúró lọ́nà ọjà pé ìgbà wo ni ìyókù ń bọ̀. Ọmọ kan tí kì í fọhùn ní kíláàsì ló wá ń ṣàlàyé fún wa pé bàbá òun ní ọdẹ gidi kò jẹ́ ṣe ohun tí ọdẹ inú ìwé yẹn ṣe, ó sì sọ ìdí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú àlàyé bẹ́ẹ̀ kò sí nínú àkékúrú ìtàn kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀gá wa ti fòfin de fóònù, mo sì fara mọ́ ọn. Rédíò kò sí lábẹ́ òfin náà. Nígbà ìsémọ́lé Kòrónà ní 2020, ṣebí orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n náà ni àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ gbà. Ohun tó wà nílẹ̀ ni ká fi bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́

Ẹ má bínú o, òbí ni mí, èmi kì í ṣe olùkọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí ni mo ṣe dá sí i. Fóònù yìí kan náà lẹ tún fẹ́ fi kọ́ wọn? Bí mo bá ní kí ọmọ mi gbé fóònù sílẹ̀, á ní, "Mọ́mì, iṣẹ́ ilé ni mò ń ṣe." Bí mo bá yọ sí i lójijì, TikTok ni. Dátà tí mo rà fún ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ méjì ló fi ń jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí èmi wà ní girama, ìwé ni tíṣà wa fi lé wa lọ́wọ́. Abẹ́ igi la máa ń jókòó sí, ẹnì kan á máa kà, àwọn yòókù á máa gbọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè sípíkà. Ẹ jọ̀ọ́, ìwé ni kí ẹ fún wọn.

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé mà. Ohun tó ń dùn yín yẹn ń dun èmi náà. Fóònù òbí ni ohùn náà ń lọ, kì í ṣe ti ọmọ. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ fún un bí ẹ bá ń dáná, kí fóònù má kúrò níwájú yín. Ní ti dátà, ohùn ìṣẹ́jú márùn-ún lórí WhatsApp kì í tó MB méjì. Fídíò ló ń jẹ dátà, n kì í sì í fi fídíò ránṣẹ́.

Abẹ́ igi tí ẹ sọ yẹn gan-an ni mò ń wá. Àmọ́ àádọ́rin ọmọ kò lè gbọ́ ohùn ọmọ kan nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, tí ọkọ̀ ń fun fèrè láti àárọ̀ dalẹ́. Ìdí tí sípíkà fi wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Ìyá Àdùkẹ́

Bí ó bá jẹ́ fóònù tèmi ni, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ìwé ńkọ́?

Àgbà Olùkọ́

Ìbéèrè ìyá yìí ló ṣe kókó jù, ẹ má jẹ́ ká fò ó. Mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ iṣẹ́ yìí ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe. Gbígbọ́ kì í ṣe kíkà. Ọmọ tó gbọ́ odindi ìwé lórí rédíò lè sọ ìtàn náà láìfò ìkankan, síbẹ̀ kó má lè ka ojú ewé kan fún yín lórí ìdúró. WAEC kò ní í ka ìbéèrè sí i létí. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ohùn náà máa dún láìsí ìwé níwájú wọn. Bí ó ti ń dún, kí ìka ọmọ máa tẹ̀ lé ìlà. Ọmọ márùn-ún lè pé lé ìwé kan lórí bí ìwé kò bá kárí, ó sàn ju kó máà sí lọ.

Ibi tí mo ti rí i pé ohùn wúlò jù ni àwọn ìwé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ìwé Fágúnwà tó wà nínú àwọn ilé ìkàwé wa, àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́: aiye, enia, nwọn, ẹiyẹ. Àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974 ni àwọn ọmọ ń kọ́ ní kíláàsì. Ọmọ rí "enia", ó dúró. Ó rí "nwọn", ó tún dúró. Kó tó ka ìpínrọ̀ kan tán, ó ti pa ìwé dé, á sì máa sọ pé Yorùbá yẹn ti le jù. Kò le. Bí etí rẹ̀ bá ti gbọ́ gbólóhùn náà kí ojú rẹ̀ tó bá a pàdé, kò ní í dúró mọ́. Ó ti ṣojú mi lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé olùkọ́ bíi tiwa ni D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tó kọ́ àwọn ọmọ ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, ẹnu ni Àkàrà-oògùn fi ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Á sọ ọ́ débì kan, á lọ, á padà wá lọ́jọ́ kejì, èrò tó wá gbọ́ ọ sì ń pọ̀ sí i. Tíṣà Mọ́kọ́lá, ohun tí ẹ ń ṣe lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, inú ìwé náà ló wà.

Ọmọ Àkúrẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ SS3 ni mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ tẹnu mi. Ẹ ń sọ̀rọ̀ nípa wa, kò sẹ́ni tó tíì bi wá léèrè ìdí tí a kì í fi í kàwé. Kì í ṣe pé a ò fẹ́. Ní kíláàsì wa, bí wọ́n bá ní kí o dìde kí o kà, tí ohùn Èkìtì bá yọ lẹ́nu rẹ, tàbí tí o bá ka "ọkọ́" bí ẹni ń ka "ọkọ̀", ẹ̀rín ni wọ́n máa fi ọ́ rín títí ọ̀sẹ̀ yẹn á fi parí. Ni kálukú bá ń fara pamọ́ sẹ́yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀.

Olùkọ́ wa wá ní kí oníkálukú lọ ka ìpínrọ̀ kan sínú fóònù ẹnì kan nílé. Mo ka tèmi, mo pa á rẹ́, mo tún un kà, títí ó fi dùn mọ́ èmi fúnra mi. Màámá wa àgbà jókòó tì mí, wọ́n ń bá mi tún ohùn mi ṣe, wọ́n tiẹ̀ ní ibì kan wà tí mo ń sáré kọjá tó yẹ kí n ti rọra. Nígbà tí olùkọ́ wa tan án ní kíláàsì, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí wọ́n tún un tàn. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ní kí n dìde, mo máa ń dìde.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ó má jẹ́ ohùn ẹ̀yin olùkọ́ nìkan ló máa wà nínú rédíò yẹn. Ẹ jẹ́ ká kà á.

Olùkọ́ Òkè-Ògùn

Ọmọ mi, o ṣeun. Mo ti gbọ́. Àwọn ọmọ tèmi ló máa ka orí tó kàn.

Ìyáàfin Láfẹ́ńwá

Ọmọ yìí sòótọ́. Àwòrán ni èmi fẹ́ mú wá ní tèmi. Ní Abẹ́òkúta níbí, a kà dé ibi tí Àkàrà-oògùn ti pàdé Àgbákò, ẹ̀dá abàmì tó bá a jà nínú igbó. Mo ní kí àwọn ọmọ pa ìwé dé, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn ṣàpèjúwe rẹ̀. Mo wá tẹ ohun tí wọ́n kọ sínú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ AI tó ń ya àwòrán, lórí kọ̀ǹpútà mi, gbogbo wọn sì rọ̀gbà yí tábìlì ká. Ohun tó kọ́kọ́ yọ ni òmìrán kan, ojú méjì, ìwo lórí, bíi ti fíìmù òyìnbó. Kíláàsì hó. "Mà, kì í ṣe òun!" Mo ní, "Kí ló dé tí kì í ṣe òun? Ẹ fi hàn mí nínú ìwé."

Ó yẹ kí ẹ rí bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé. Ọ̀kan ní fìlà irin ló dé. Òmíràn ní ẹ̀wù idẹ ló wọ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò awọ. Ọmọbìnrin kan fi ìka tẹ ojú ìwé, ó ní ojú 16 ló wà yí orí rẹ̀ ká, kí ló dé tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́? Wọ́n tún àpèjúwe wọn kọ, mo tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò rí ojú 16 yà délẹ̀. Á ya mẹ́rin, á ya mẹ́fà, kò mọ ibi tí yóò tò wọ́n sí. Ni ọmọkùnrin kan tó jẹ́ pé ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí bá gba ṣọ́ọ̀kì, ó ya Àgbákò sójú pátákó, ó ń ka ojú náà sókè bó ṣe ń yà á. Tirẹ̀ ló bá ìwé mu jù. Mo bẹ olùkọ́ ìṣirò tó tẹ̀ lé mi pé kó má nù ún, kó lo ẹ̀gbẹ́ kejì.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣìnà ló ń lé wọn padà sínú ìwé. Mi ò jẹ́ kí wọ́n fi kọ àròkọ o. Yorùbá tó ń kọ kún fún àṣìṣe àmì ohùn, ọmọ tí kò tíì mọ èyí tó tọ́ kò sì lè rí àṣìṣe náà.

Ẹlẹ́rọ Òṣogbo

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ìyàwó mi ló jẹ́ olùkọ́ Yorùbá. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tẹ Yorùbá lórí fóònù, ẹ fi Gboard, áàpù pátákó ìtẹ̀wé, sí i, kí ẹ yan èdè Yorùbá nínú rẹ̀. Ẹ óò rí ẹ, ọ àti ṣ, ẹ óò rí àmì ohùn. Ibi tí wàhálà wà ni pé lẹ́tà bíi "ọ́" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. "Ọ" ní tirẹ̀, àmì orí rẹ̀ ní tirẹ̀, ẹ̀rọ ló ń so wọ́n pọ̀. Fọ́ǹtì tí kò bá dára á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ iṣẹ́ kíláàsì, ẹ sọ ọ́ di PDF lórí ẹ̀rọ tó ti hàn dáadáa lójú yín kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì kò mọ̀ pé àmì ti kúrò lórí ọ̀rọ̀.

Ní ti àwọn ẹ̀rọ ńlá, ẹ rántí Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí ìjọba Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í pín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní 2013, lásìkò Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá. Ìwé ẹ̀kọ́ oríṣiríṣi àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀. Èrò tó dára ni, títí dòní ni mo fi gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ àtúnṣe, ó ń fẹ́ kí ẹnì kan máa ra tuntun rọ́pò èyí tó bàjẹ́, ọdún dé ọdún. Rédíò àgbẹ̀ tí Olùkọ́ Òkè-Ògùn mẹ́nu bà, ẹni tó lè tún un ṣe wà ní gbogbo ọjà. Bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan fún abúlé, rédíò yẹn ni n óò mú.

Ìyá Peckham

Ẹ kú ilé o. London ni mo wà, ní Peckham. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la máa ń kó àwọn ọmọ jọ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan, tí a ń kọ́ wọn ní Yorùbá. Tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Ìwé kò wọ́n wa, fóònù kò wọ́n wa. Ẹni tí ọmọ á máa gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ ló wọ́n. Ọmọ gbọ́ "wá jẹun", ó gbọ́ "lọ wẹ̀", ó tán. Bí ìyá bá sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ fi ń dáhùn.

A wá bẹ àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà tó wà nílé, ní Ìjẹ̀bú, ní Ìlọrin, ní Òṣogbo, pé kí wọ́n máa ka ojú ìwé kan sínú fóònù kí wọ́n fi ránṣẹ́. Ọmọ mọ ohùn màámá àgbà rẹ̀, kò lè ní òun ò gbọ́. Àwọn àgbà yìí kì í sì í kà á lọ gbọrọrọ. Màámá kan kà débi tí wọ́n ti dárúkọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n ní, "Ṣé o mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀? Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni bàbá rẹ ti ṣubú nígbà tó wà ní kékeré, àpá tí ò ń rí níwájú orí rẹ̀ nìyẹn." Ọmọ sáré lọ wo iwájú orí bàbá rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló ń béèrè ojú ìwé tó kàn, ohùn ló sì fi dá màámá lóhùn. Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni.

Atàwé Dùgbẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má gbàgbé àwa tí a ń tàwé, ẹ má sì gbàgbé ìdílé àwọn oǹkọ̀wé. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oǹkọ̀wé ti Nàìjíríà, ti 2022, ààbò wà lórí iṣẹ́ oǹkọ̀wé fún 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tó kú. Oṣù Kejìlá 1963 ni Fágúnwà kú. Ìyẹn ni pé títí di òpin 2033, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ka odindi ìwé rẹ̀ sórí YouTube, tàbí kó sọ ọ́ di PDF fún gbogbo ayé, láìgba àṣẹ. Kí olùkọ́ kà á fún kíláàsì rẹ̀ yàtọ̀. Àmọ́ ohun tó bá ti wọ WhatsApp, kò sí ibi tí kò lè dé, káàdì rédíò náà sì ni. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó tẹ ìwé náà jáde, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún wọn. Bí wọ́n bá ka ìwé kan lórí rédíò, àwọn èèyàn máa ń wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa ní ìsọ̀. Àwọn atẹ̀wé náà mọ̀.

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ìdí tí mo fi ń ka ojú ìwé díẹ̀ nìyẹn, tí mo sì ń dá a dúró. Inú ìwé nìkan ni ìyókù wà. Mo ti ń kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tó tẹ èyí tí a ń kà.

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ bi mí pé ìwé ńkọ́. Mo ti bá àwọn òbí sọ̀rọ̀: ọmọ márùn-ún tó jókòó pọ̀ ni yóò dáwó ra ìwé kan, á sì máa sùn nílé oníkálukú ní alẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ìwé bá sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò ka ìpínrọ̀ kan sínú fóònù òbí rẹ̀, bí Ọmọ Àkúrẹ́ ṣe wí.

Ìyá Àdùkẹ́

Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Bí olùkọ́ ọmọ tèmi bá gbà láti ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ni n óò ra ìwé àkọ́kọ́.

Bọ̀ọ̀dá Ìkòròdú

Kò tíì sí ẹni tó mẹ́nu ba fíìmù. Ọdún 1974 ni Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ jáde, ọdún 1997 ni Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù. Ìtàn Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn, àti àwọn obìnrin tí ọkàn rẹ̀ pín sí láàárín, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka orí kan. Lẹ́yìn náà ni n óò fi ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá nínú fíìmù hàn wọ́n lórí ògiri, n óò sì pa á. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n: kí ni ìwé sọ fún wa tí fíìmù kò lè fi hàn? Ibi tí wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ohun tí Àjàní ń rò lọ́kàn tí kò sọ síta.

Àgbà Olùkọ́

Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Bí ọmọ bá ti rí ojú òṣèré, ojú yẹn nìkan ni yóò máa rí títí láé. Kò ní í lè fi ọkàn ara rẹ̀ ya Àjàní tàbí Àṣàkẹ́ mọ́.

Bọ̀ọ̀dá Ìkòròdú

Òótọ́ ni, sà. Ìdí tí mo fi ń mú kí wọ́n kàwé ṣáájú nìyẹn, mo tún máa ń ní kí wọ́n kọ bí Àṣàkẹ́ ṣe rí lójú tiwọn sílẹ̀ kí n tó tan ohunkóhun. Àwọn kan máa ń bínú sí fíìmù pé Àṣàkẹ́ tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí ìbínú yẹn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọbìnrin á kojú àwọn ọmọkùnrin lórí bóyá Àjàní hùwà ọmọlúàbí sí Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Kò sí ẹni tó lè dá sí i láìtọ́ka sí ojú ìwé. Òfin kíláàsì wa nìyẹn.

Olùkọ́ Òkè-Ògùn

Ẹlẹ́rọ, ẹ gbà mí o. Ẹnì kan nínú àwọn ọmọ mi ka orí kejì sínú WhatsApp ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Mo dà á sínú káàdì, rédíò kò sọ nǹkan kan. Tèmi tí mo kà tẹ́lẹ̀ ń dún.

Ẹlẹ́rọ Òṣogbo

Irú fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní Opus ni WhatsApp fi ń tọ́jú ohùn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn rédíò yẹn kò sì mọ̀ ju MP3 lọ. Ẹ wá áàpù tó ń sọ ohùn di MP3 sórí fóònù yín, ọ̀fẹ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, tàbí kí ọmọ lo ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó ń fi MP3 pamọ́ tààrà. Ohun kan tún wà: ọ̀pọ̀ nínú àwọn rédíò náà kì í tẹ̀ lé orúkọ, bí ẹ ṣe dà á sí káàdì ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé ló ń dún. Ẹ kọ́kọ́ da orí kìíní, kó wọlé tán, kí ẹ tó da orí kejì.

Olùkọ́ Òkè-Ògùn

Ó ti dún, ẹ ṣeun. Orí kejì ti wọlé. Ọ̀la ọjọ́ ọjà ni mo máa pín káàdì, Ọmọ Àkúrẹ́, ọmọ 11 ni ohùn wọn wà nínú rẹ̀.